Bí àdúgbò ṣe lè mú ọtí jìnnà sọ́mọdé: ìtọ́sọ́nà láti ẹnu ìsọ̀ dé káńsù

Ẹ mú ọ̀rá ọtí líle kan tó jẹ́ mìlílítà 30. Ẹ yí i padà, ẹ ó rí i pé wọ́n kọ ìdá 42 nínú 100, tàbí iye tó sún mọ́ ọn, sí i lára. Ògidì ọtí tó wà nínú ọ̀rá yẹn lé ní mìlílítà 12. Ìgò bíà ńlá tó jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 60, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú 100, ní mìlílítà 30. Ọ̀rá méjì àbọ̀ ti tó ìgò bíà ńlá kan nìyẹn. Bí ọmọ ọdún 14 bá gbé ìgò bíà dání gba àárín ọjà kọjá, gbogbo ojú ni yóò máa wò ó, ẹnì kan á sì bi í pé ta ló rán an. Ọ̀rá mẹ́ta ń wọ inú ìbọ̀sẹ̀ iléèwé láìsí olùkọ́ tó máa rí i.

Ìṣirò yìí ló jẹ́ kí n gbà pé ìwàásù nìkan ò lè gba ọmọ lọ́wọ́ ọtí. Ọmọ tó ń kọjá lẹ́nu ìsọ̀ márùn-ún láàárọ̀, tí ọtí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ súìtì níbẹ̀, tí owó oúnjẹ rẹ̀ sì tó o rà, kò sí ìwàásù tí ẹ ṣe fún un lọ́jọ́ Ajé tó máa dúró títí di ọjọ́ Ẹtì. Kí rírà rẹ̀ kọ́kọ́ ṣòro ná, ẹ̀kọ́ á wá rí ibi jókòó sí. Bí ẹ ṣe máa ṣe méjèèjì ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ yìí, fún ẹgbẹ́ onílé, CDA (ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò), olùkọ́ àti òbí nílẹ̀ Yorùbá.

Agbára tó ti wà lọ́wọ́ yín

Lóṣù Kejìlá 2018, NAFDAC (àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn), ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣe ọtí tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pé tó bá fi máa di ìparí oṣù Kìn-ín-ní 2024, ọtí inú ọ̀rá àti inú ìgò tí kò tó mìlílítà 200 gbọ́dọ̀ ti kúrò lọ́jà. Ọjọ́ pé. NAFDAC bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ tú síta pé iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn, àwọn aṣojú-ṣòfin dá sí i, wọ́n sì sún un síwájú di ìparí 2025. Bí ìparí 2025 ṣe ń sún mọ́lé, àríyànjiyàn tún bẹ́ sílẹ̀. Ọmọ tó wà ní JSS 1 lọ́dún tí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé yẹn ti jáde níléèwé girama báyìí.

Nítorí náà, ẹ má jókòó de Àbújá. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní Àfikún Kẹrin rẹ̀, to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Àkóso ìsọ̀ àti ilé ìtajà kéékèèké wà níbẹ̀. Àkóso pátákó ìpolówó wà níbẹ̀. Títa ọtí, àti ìwé àṣẹ tí ọlọ́tí gbọ́dọ̀ gbà, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Káńsù tó wà ládùúgbò yín ló ni iṣẹ́ náà. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 náà ti sọ pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni. Ìpínlẹ̀ Èkó sọ ọ́ di òfin tirẹ̀ ní 2007, àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá tó kù sì ní tiwọn. Bí alága káńsù bá sì sọ pé kò sówó epo mọ́tò fún wolé-wolé, ẹ rán an létí pé lọ́jọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ gan-an ni owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dé.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ fẹsẹ̀ rin àdúgbò yín

Ẹ má tíì pe ìpàdé kankan. Ìpàdé tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tọ́rọ̀ wà kò ní kọjá àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ àti àdúrà ìparí. Kí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta mú ìwé àti bírò, kí wọ́n rin gbogbo òpópónà tó yí iléèwé ká ní ìgbà mẹ́ta: láàárọ̀ nígbà táwọn ọmọ ń lọ, lọ́sàn-án nígbà tí wọ́n ń darí bọ̀, àti lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́.

Ohun tí ẹ ó kọ sílẹ̀ nìyí: ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí, irú ọtí tí wọ́n ń tà níbẹ̀ (bíà, ọtí inú ọ̀rá, paraga, ògógóró, ẹmu), ẹni tó jókòó tì í, bóyá ọmọdé ló ń bu ọtí fún oníbàárà, àti iye ìgbésẹ̀ tó wà láti ibẹ̀ dé ẹnu géètì iléèwé. Ìgbésẹ̀ àgbàlagbà 130 tó nǹkan bí 100 mítà. Ẹ kíyè sí ìsọ̀ tó ń ta súìtì, bisikíìtì, ìwé àti bírò, tí wọ́n wá fi okùn so ọtí inú ọ̀rá kọ́ sókè níwájú bí ẹni ń sá aṣọ. Irú ìsọ̀ yẹn léwu ju ilé ọtí lọ, torí ọmọdé ò ní ìdí tí yóò fi wọ ilé ọtí, àmọ́ ó ní ìdí tó fi ń lọ ra bírò.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ilẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn ilé ìgbẹ́ iléèwé, inú gọ́tà, ààtàn tó wà lẹ́yìn ògiri, abẹ́ igi tí àwọn ọmọ SS 3 máa ń jókòó sí. Ọ̀rá tó ṣófo kì í parọ́. Bí ẹ bá rí ìgò sobo tó ń rùn bí oògùn, ẹ fura: inú irú ìgò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń po sukúṣí, ìyẹn àdàlù sobo àti oògùn olóró, sí, ohun tó sì wà nínú rẹ̀ máa ń ju ọtí lọ.

Ẹ má ya fọ́tò ẹnikẹ́ni. Ẹ má sì rán ọmọdé lọ ra ọtí láti fi dán ọlọ́tí wò. Ẹ ti sọ ọ́ di ohun tí ẹ ń sá fún nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ wá ọ̀dọ́ tó ti pé ọdún 18 tàbí 19 tí ojú rẹ̀ ṣì kéré. Bí ìyá ọlọ́tí ò bá bi í léèrè ọjọ́ orí, kò ní bi ọmọ ọdún 15 náà.

Kí olùkọ́ kan tí àwọn ọmọ fọkàn tán pín bébà kékeré fún wọn nínú kíláàsì, kí wọ́n má kọ orúkọ sí i. Ìbéèrè méjì péré ni: Ta ló kọ́kọ́ fún ẹ lọ́tí? Níbo lo ti lè rí i lónìí tó o bá fẹ́ ẹ? Ẹ jẹ́ kó yé àwọn òbí ṣáájú pé ó ṣeé ṣe kí “bàbá mi”, “àǹtí mi” tàbí “òde ìgbéyàwó” pọ̀ nínú ìdáhùn àkọ́kọ́. Kí ẹnikẹ́ni má gbìyànjú láti fi ìkọ̀wé mọ ọmọ tó kọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: àwọn tó gbọ́dọ̀ wà níjókòó

Baálẹ̀ tàbí aṣojú rẹ̀, alága CDA, ìyálọ́jà, olórí gáréèjì, olórí àwọn ọlọ́kadà, alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, ìmáàmù, pásítọ̀, nọ́ọ̀sì kan láti ilé ìlera alábọ́ọ́dé, àti ọ̀dọ́ méjì tí wọn kì í ṣe ọmọ olóyè. Èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àwọn yìí, ẹ mọ bí ẹ ṣe ń pè wọ́n. Àwọn tí àdúgbò sábà máa ń gbàgbé ni àwọn tó ń ta ọtí fúnra wọn.

Ẹ pe ìyá oní-paraga wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an. Ẹ pe ẹni tó ni ilé ọtí tó tóbi jù. Kí ẹ má pè wọ́n lẹ́yìn tí ẹ ti parí ọ̀rọ̀, kí ẹ wá ka ìdájọ́ fún wọn. Obìnrin tó ń ta paraga ní gáréèjì láti aago márùn-ún ìdájí mọ ọmọ tó ń sá níléèwé ju ọ̀gá iléèwé lọ, ó sì mọ ẹni tó ń ra ọtí fún un. Ọ̀pọ̀ wọn lọ́mọ. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni pé bí àwọn bá lé ọmọdé, ìsọ̀ kejì á tà á fún un, owó á sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn lásán. Bí gbogbo ìsọ̀ bá jọ ṣe é lọ́jọ́ kan náà, ìbẹ̀rù yẹn tán.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ kọ àdéhùn tó kúrú

Ojú ewé kan ti tó. Lédè Yorùbá ni kó jẹ́, kí ẹni tó ń ta ẹmu lè gbọ́ ọ yé bí wọ́n bá kà á. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí, kí ẹ sì tún un ṣe bó ṣe bá àdúgbò yín mu:

“Àwa tí a ń gbé, tí a sì ń ṣòwò ládùúgbò yìí, fohùn ṣọ̀kan pé:

A kò ní ta ọtí kankan fún ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, a kò sì ní gbé e fún un pé kó lọ fún àgbà nílé.

Ọmọdé kò ní jókòó ti ọtí, kò ní kiri rẹ̀, kò ní bù ú fún oníbàárà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun lọmọ ẹni tó ni ìsọ̀.

Ìsọ̀ tí kò tó 100 mítà sí géètì iléèwé kò ní ta ọtí láti aago mẹ́fà àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ iléèwé.

Ìsọ̀ tó bá ń ta nǹkan ọmọdé kò ní pàtẹ ọtí síwájú. Ẹ̀yìn káńtà ni yóò wà, níbi tí ọwọ́ ọmọdé ò lè tó.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rú àdéhùn yìí, ìgbìmọ̀ á lọ bá a sọ̀rọ̀. Bó bá tún ṣe é, orúkọ ìsọ̀ rẹ̀ á dé ìpàdé gbogboogbò. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, a ó kọ̀wé sí káńsù lórí ìwé àṣẹ rẹ̀.

A kò ní fìyà jẹ ọmọdé tó lọ ra ọtí. Òbí rẹ̀ la ó bá sọ̀rọ̀.”

Gbólóhùn kejì ni ìjà máa wà lé lórí. Ẹnì kan á dìde pé ilé ọtí ìyá òun ni òun gbé dàgbà, kò sì sí ohun tó ṣe òun. Ẹ má bá a jà. Ẹ bi í bóyá ó wù ú kí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ ọdún 15 máa gbé bíà fún àwọn ọkùnrin tó ti yó lálẹ́. Ìdáhùn rẹ̀ á parí ọ̀rọ̀ náà.

Ohun kan wà tí ẹ ò gbọdọ̀ kọ sínú rẹ̀: kí ọ̀dọ́ àdúgbò máa wọ ìsọ̀ gba ọjà, kí wọ́n fọ́ ìgò, tàbí kí wọ́n na ẹnikẹ́ni. Àdúgbò ò ní àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ìsọ̀ kan bá fi irú ẹ̀ gbé yín lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, gbogbo iṣẹ́ yín ti dojú dé. Àṣẹ láti ti ìsọ̀ tàbí gba ìwé wà lọ́wọ́ ìjọba. Ẹ̀rí àti ohùn gbogbo àdúgbò ló wà lọ́wọ́ tiyín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ kọ́ ọlọ́tí bó ṣe máa kọ̀

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta ọtí ò mọ bí wọ́n ṣe lè kọ̀ láìdi ìjà, pàápàá tó bá jẹ́ pé àgbà ló rán ọmọ náà. Ẹ bá wọn fi ẹnu ṣe é ní ìpàdé, kí wọ́n gbọ́ bó ṣe ń dún. Ọmọ dé: “Ẹ káàsán mà. Dádì ní kí ẹ fún mi ní bíà méjì.” Ìyá ọlọ́tí: “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Padà sílé, kí o bá mi kí dádì. Sọ fún wọn pé àdúgbò ti ní ká má gbé ọtí fọ́mọdé mọ́. Kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n yọjú fúnra wọn, mo ti gbé e sínú yìnyín dè wọ́n.” Bàbá ò rí ibi bínú sí. Ọjà ò sì bọ́.

Fún ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí rẹ̀ ń rú ojú, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìlànà pé ẹni tí ojú rẹ̀ ò bá jọ ti ẹni ọdún 25 gbọ́dọ̀ fi nǹkan hàn: káàdì NIN, káàdì ìdìbò, ìwé ìwakọ̀. Ẹ lẹ pátákó kékeré mọ́ ara ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó wà ní Yorùbá, kí orúkọ CDA sì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí oníbàárà bá fẹ́ bínú, ọlọ́tí á nawọ́ sí pátákó.

Ẹ ránti onígbá ẹmu àti àwọn tó ń ta ògógóró láti inú kẹ́ẹ̀gì. Wọn ò ní lébẹ́ẹ̀lì, wọn ò sì ní “18+” lára. Ní oṣù Kẹrin 2015, ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ògógóró tí mẹ́táńọ́ọ̀lù, irú ọtí kan tó jẹ́ májèlé, wà nínú rẹ̀ fọ́ àwọn ènìyàn lójú, ó sì pa ju ènìyàn mẹ́wàá lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ náà tó yé ìlú, wọ́n ti kọ́kọ́ ń pè é ní ìbínú òrìṣà. Mo mẹ́nu bà á nítorí àwọn àgbà tó máa ń sọ pé ọtí ìbílẹ̀ ò lè pani.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: káńsù

Ẹ kọ lẹ́tà kan sí alága káńsù, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín, ẹ̀ka ìlera níbi tí wolé-wolé wà, àti DPO, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá yín. Ẹ so àdéhùn tí gbogbo ènìyàn tọwọ́ bọ̀ mọ́ ọn, pẹ̀lú àwòrán àdúgbò tí ẹ fọwọ́ yà, tí ìsọ̀ àti iléèwé wà lórí rẹ̀. Nǹkan mẹ́ta péré ni kí ẹ béèrè: kí káńsù má fún ìsọ̀ tuntun níwèé àṣẹ láti ta ọtí nítòsí iléèwé, kí wọ́n yọ pátákó ìpolówó ọtí tó kọjú sí iléèwé, kí wolé-wolé sì máa bá yín rìn lẹ́ẹ̀kan ní sáà iléèwé kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà tó bá béèrè ohun mẹ́wàá, wọn kì í fèsì sí i.

Ẹ rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín. Kí ẹni tó mú lẹ́tà lọ padà lọ béèrè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kó sì jẹ́ ìyálọ́jà ló lọ bó bá ṣeé ṣe. Kánsẹ́lọ̀ tó lè fi akọ̀wé CDA sílẹ̀ níjókòó fún wákàtí mẹ́ta ò jẹ́ dán an wò pẹ̀lú ìyálọ́jà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ilé àti òde àríyá

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bàbá tó bá ń rán ọmọ rẹ̀ ní bíà ti sọ ọ́ di oníbàárà tí gbogbo ọlọ́tí mọ̀ lójú. Kí ó jáwọ́ níbẹ̀. Kí òbí má fi ahọ́n ọmọ tọ́ ọtí wò láti fi pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín ní òde. Kí ọtí tó ṣẹ́ kù lálẹ́ má sùn sórí tábìlì.

Àgbo tún wà níbẹ̀. Àwọn òbí tí kò ní jẹ́ kí ọmọ wọn fẹnu kan bíà máa ń fún un ní àgbo jẹ̀dí tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn tí wọ́n fi ògógóró rẹ. Ọtí nìyẹn. Ewé ò yọ agbára ọtí kúrò. Bí ẹ bá máa fún ọmọ lágbo, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé kí ló fi rẹ ẹ́, kó má sì jẹ́ pé inú ìgò tí àgbo àgbà wà ni ẹ ti bù ú.

Níbi ìsọmọlórúkọ, àwọn kan ṣì máa ń kan ọtí mọ́ ọmọ tuntun lẹ́nu nígbà tí wọ́n bá ń ṣàdúrà pé ọtí kì í tì, kí ọmọ náà má tì. Àwọn ìdílé Mùsùlùmí àti ọ̀pọ̀ ìjọ ti fi oyin, iyọ̀ àti omi ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún, àdúrà ò sì kọ̀ láti gbà. Kí wọ́n gbé ọtí náà sókè, kí àgbà mu ún.

Fún òde ńlá, kí ẹni tó ń ṣe ìnáwó yan àgbàlagbà kan tí kúlà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ọmọdé má pín ọtí, kí tábìlì àwọn ọmọ jìnnà síbi tí kúlà wà. Ọjọ́ tó yẹ kí ẹ ṣọ́ jù lọ ni ọjọ́ tí àwọn ọmọ SS 3 bá ṣe ìdánwò WAEC tàbí NECO wọn tán. Wọ́n á kọ̀wé sí ara aṣọ iléèwé, wọ́n á dá owó jọ, ọtí inú ọ̀rá á sì yọjú. Iléèwé tó bá kàn lé wọn jáde ní géètì pé iṣẹ́ òun ti parí, ojú títì ló lé wọn sí. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ fi jọ́lọ̀fù, mínírà àti ẹ̀rọ orin dá wọn dúró sínú ọgbà iléèwé títí di aago mẹ́rin, kí òbí sì wá mú ọmọ rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa bá ọmọ yín sọ ọ́: ẹ má dúró kí ó tó jẹ́ ọdún 15. Láti ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ló ti ń rí ìpolówó ọtí lórí tẹlifíṣọ̀n níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọ̀rọ̀ kúkúrú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan sàn ju ìpàdé ńlá kan lọ. Ìyá lè sọ pé: “Àdìó, bí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ bá mú un wá, kí lo máa sọ?” Kó jẹ́ kí ọmọ wá èsì fúnra rẹ̀. “Mo máa ní mi ò mu.” “Bí wọ́n bá fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ńkọ́?” Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ó sì mọ̀ dájú pé bí òun bá wà níbi tí nǹkan ti bàjẹ́, tí òun pe ilé lágogo mọ́kànlá òru, wọ́n á wá mú òun, wọn ò sì ní na òun lálẹ́ yẹn.

Ìgbésẹ̀ keje: iléèwé

Ẹ̀kọ́ tó ń fi òkú àti ẹ̀dọ̀ jíjẹrà dẹ́rù ba ọmọ kì í pẹ́ lórí wọn. Ọmọ ọdún 14 ò gbà pé òun á dàgbà débi ẹ̀dọ̀. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣe é, kíláàsì kan lọ́sẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí olùkọ́ ìṣirò gbé ìṣirò ọ̀rá àti ìgò tí mo fi bẹ̀rẹ̀ fún wọn, kí wọ́n ṣe é fúnra wọn. Ọ̀sẹ̀ kejì, kí wọ́n mú ìpolówó ọtí kan, kí wọ́n bi ara wọn pé ta ló sanwó rẹ̀, kí ló dé tó fi jẹ́ pé ẹni tó lẹ́wà tó sì lówó ló máa ń wà nínú rẹ̀, tí kì í ṣe ẹni tó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Kí wọ́n tún fi ọwọ́ ara wọn kọ iye àwọn ọmọ kíláàsì tí wọ́n rò pé ó ń mutí, láìkọ orúkọ, kí wọ́n fi wé iye àwọn tó sọ pé àwọn mu ún lóòótọ́. Ohun tí wọ́n rò sábà máa ń pọ̀ ju òtítọ́ lọ, èyí sì ṣe pàtàkì, nítorí ọmọ tó bá rò pé gbogbo ẹgbẹ́ òun ló ń mu ún kì í fẹ́ dá yàtọ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta, eré: ọ̀rẹ́ fi ọtí lọ̀ ọ́, báwo lo ṣe máa kọ̀ láìpàdánù ọ̀rẹ́? Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ohun tí wọ́n máa ṣe bí ọtí bá pa ẹnì kan lára wọn. Nínú gbogbo rẹ̀, òótọ́ méjì péré nípa ara ló yẹ kí wọ́n mú lọ sílé: ọpọlọ ènìyàn ń dàgbà títí di nǹkan bí ọdún 25, àti pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ kó tó pé ọdún 15, ó rọrùn fún ọtí láti di bárakú sí i lára ju ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 21 lọ.

Lórílẹ̀-èdè Iceland, ní 1998, ìdá 42 nínú 100 àwọn ọmọ ọdún 15 àti 16 ló sọ pé àwọn ti mutí yó láàárín oṣù kan. Nígbà tó fi máa di 2016, ó ti já sí ìdá 5. Ìwàásù kọ́ ni wọ́n fi ṣe é. Òbí tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn láàárín ara wọn, ọmọdé kì í wà níta lálẹ́, ìjọba sì náwó sí eré ìdárayá àti orin. Owó tí wọ́n ní, a ò ní in. Ṣùgbọ́n pápá iléèwé wà níbí, géètì rẹ̀ sì máa ń wà ní títì láti aago mẹ́ta títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Ẹ bá ọ̀gá iléèwé ṣe àdéhùn kí wọ́n ṣí i títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kí àwọn òbí máa gba ọjọ́ ṣọ́ ọ, kí bọ́ọ̀lù méjì wà níbẹ̀.

Bí ọtí bá ti pa ọmọ

Bí kò bá ṣeé jí, bí mímí rẹ̀ bá lọ́ra tàbí ó ń dáwọ́ dúró, bí ara rẹ̀ bá tutù, bí gìrì bá mú un, ilé ìwòsàn ni, kíá. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dùbúlẹ̀ kí èébì má bàa há a lọ́fun, kí ẹnì kan dúró tì í. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má da omi tútù lé e lórí, ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun, ẹ má sì gbà pé ó kàn ń sùn. Bí ó bá ní ojú òun ń ṣú tàbí òun ò ríran dáadáa, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ fura sí mẹ́táńọ́ọ̀lù.

Ọmọ tí ọtí ti di bárakú sí lára kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń lé kúrò níléèwé. Bó bá ti jáde níbẹ̀, gáréèjì ló ń lọ. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Aro ní Abẹ́òkúta àti ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yábàá ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọtí àti oògùn olóró. NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, náà ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́ fún ìmọ̀ràn, 0800 1020 3040. Ẹ má mú un lọ síbi tí wọ́n á ti fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè é.

Kí àdéhùn má bàa kú

Ẹ tún rin àdúgbò náà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta pẹ̀lú ìwé àkọ́kọ́ lọ́wọ́. Ìsọ̀ mélòó ló ti gbé ọtí wọ ẹ̀yìn káńtà? Ẹ wo ààtàn yẹn náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ ka orúkọ àwọn ìsọ̀ tó pa àdéhùn mọ́ ní ìpàdé, kí ẹ yìn wọ́n níwájú gbogbo ènìyàn, kí àdúgbò sì máa ra nǹkan lọ́wọ́ wọn nígbà tí ìnáwó bá dé.

Àkókò méjì ni ó máa ń bàjẹ́. Èkíní ni oṣù Kejìlá, tí gbogbo ènìyàn bá wá sílé ọdún, tí àwọn ẹ̀gbọ́n tó ti ìlú ńlá dé bá ń fi ọtí ṣe àwọn àbúrò lálejò. Ìparí oṣù Kọkànlá ni kí ẹ ti lọ rán àwọn ọlọ́tí létí. Èkejì ni àsìkò ìbò, ti 2027 sì ti ń sún mọ́lé. Ẹ kọ ọ́ mọ́ àdéhùn kí àwọn olùdíje tó bẹ̀rẹ̀ sí í yà: ẹni tó bá fẹ́ lo pápá iléèwé tàbí gbọ̀ngàn àdúgbò fún ìpolongo, omi àti mínírà nìkan ni yóò pín, yóò sì fi owó ìdúró sílẹ̀ lọ́wọ́ akápò CDA. Bí wọ́n bá rí ọ̀rá ọtí nílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ, owó náà di ti bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ.